Òǹtẹ̀ Gbádérọ̀

Ọjọ́ Ajé, 13 oṣù kẹwàá

A ti ilẹ̀kùn láàárọ̀ yìí. Láti òní títí di ọjọ́ ìgbéjáde, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú nǹkan tuntun wọ inú Gbẹ̀dẹ̀, ètò kọ̀ǹpútà wa, mọ́. Àtúnṣe àléébù nìkan la ó máa gbà, àtúnṣe kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ ní òǹtẹ̀ orí kọ̀ǹpútà ti ẹni tó ṣe é. Èmi Shakirah ni mo fọwọ́ ara mi kọ ìkéde náà. Ọdún mẹ́fà ni Dókítà Àníọlá fi ṣe olórí ìgbéjáde, àfi bí wọ́n ṣe sọ lóṣù kẹjọ pé ojú àwọn kò gbé e mọ́, tí wọ́n gbé ẹrù náà rù mí.

Sátidé, 15 oṣù kọkànlá, ni ìgbéjáde. Ilé ìwé mẹ́tàlélọ́gọ́ta ló ń dúró dè wá, láti Mọ́níyà títí dé Challenge, kọ̀ǹpútà àlòkù sì ni gbogbo wọn ń lò. Gbẹ̀dẹ̀ ló ń jí àwọn kọ̀ǹpútà náà láàárọ̀, òun ló ń darí ohun gbogbo tí wọ́n ń ṣe. Bí oṣù kọkànlá bá ti parí, a kò ní tún Gbẹ̀dẹ̀ 6 ṣe mọ́. Ilé ìwé tí kò bá tíì bọ́ sórí Gbẹ̀dẹ̀ 7, olè lè wọlé sí i nígbàkúùgbà.

Mo fi ìpè orúkọ ránṣẹ́ sí àwọn olùtọ́jú mọ́kànlélógún: "Ṣé o wà?" Ẹni tí kò bá dáhùn láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, a ó yọ orúkọ rẹ̀, a ó gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ẹnikẹ́ni kò gba kọ́bọ̀ nínú wa, ṣùgbọ́n òfin ni òfin.

Ikrimah ọkọ mi ní kí n rọra o, pé ojú mi ti ń le bíi ti ọ̀gá ilé ìwé. Mo ní ọ̀gá ilé ìwé ń gbowó oṣù ní tiẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 16

Ẹni mẹ́rìndínlógún ti dáhùn. Gbádérọ̀ ti Apẹtẹ ló kọ́kọ́ dáhùn, bó ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún: "Mo wà." Kò ní ẹ káàárọ̀, kò ní ẹ kú iṣẹ́. Òun ló ń tọ́jú aago inú Gbẹ̀dẹ̀. Kì í gbé fóònù, kì í wá sí ìpàdé wa ní Bodija. Dókítà nìkan ló ti fojú kàn án rí, lẹ́ẹ̀kan péré, lọ́dún 2020.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21

Ọjọ́ kẹta tí kò sí iná ní Agbowó. Òjò àrọ̀kúrò ń rọ̀ bí ẹni pé ẹnì kan ń lé e bọ̀. Íńfátà ilé ìwé tí mo ti ń kọ́ni ni mo lọ ń bẹ̀bẹ̀ fún lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti lọ sílé.

Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tí kò yé mi. Láàárọ̀ yìí mo rí àléébù kan nínú ibi tí Gbẹ̀dẹ̀ ti ń ka ọjọ́ oṣù. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo kọ ọ́ sórí bébà, mo fi ife tíì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, mo lọ kọ́ àwọn ọmọ JS2. Nígbà tí mo padà dé, àtúnṣe rẹ̀ ti wà nínú àká wa, ibi tí a ń kó gbogbo iṣẹ́ Gbẹ̀dẹ̀ sí lórí ayélujára, pẹ̀lú òǹtẹ̀ Gbádérọ̀ lórí. Aago méjì kọjá ogún ìṣẹ́jú ló wọlé. Àléébù yẹn gan-an ni, kò sí òmíràn.

Ikrimah ní ojú ẹni méjì lè bọ́ sórí ohun kan náà lọ́jọ́ kan náà. Òótọ́ ni. Mo ya bébà náà síbẹ̀síbẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 27

Ìpè orúkọ parí. Ẹni méjì kò dáhùn, mo yọ orúkọ wọn. Ọ̀kan nínú wọn jí ní wákàtí méjì lẹ́yìn náà, ó ń bú mi.

Ọjọ́rú, 29

Luqman gbé wàhálà wá láti Dugbe. Ìsọ̀ tó ti ń tún láptọ́ọ̀pù ṣe ni ó ti ń dán Gbẹ̀dẹ̀ wò fún wa, torí gbogbo òkú ẹ̀rọ Ìbàdàn ló ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Ó fi Gbẹ̀dẹ̀ 7 sórí ẹ̀rọ ilé ìwé méjìlá. Méje kọ̀, wọn ò jí.

Ó ti rí ìdí rẹ̀. Bátìrì kékeré tó ń rán ẹ̀rọ létí ọjọ́ ti kú nínú àwọn méje náà. Bí wọ́n bá ti tàn wọ́n, ọjọ́ kìíní ọdún 2001 ni wọ́n máa ń rò pé ó jẹ́. Gbẹ̀dẹ̀ 7 á wá wo òǹtẹ̀ wa, á rí 2025 lára rẹ̀, á ní ọjọ́ yẹn kò tíì dé, èké ni, á sì dá iṣẹ́ dúró.

"Bátìrì wọn kú, wọn ò mọ̀," ni Luqman wí. "Wọ́n ṣì rò pé àná ni."

Mo ní kó má fi irú ẹnu bẹ́ẹ̀ bá mi sọ̀rọ̀ nígbà tí mo ń jẹun.

Aago ni, torí náà ti Gbádérọ̀ ni. Mo kọ̀wé sí i. Ó dáhùn kí n tó gbọ́wọ́ kúrò lórí fóònù: "Mo rí i."

Àbámẹ́ta, 1 oṣù kọkànlá

Luqman pè mí lẹ́yìn ìrun Àílà. Ohùn rẹ̀ kò dùn ún gbọ́.

"Shakirah, ṣé o jókòó?"

"Mò ń fọṣọ. Kí ló dé?"

"Oníbàárà kan wá síbí láàárọ̀. Apẹtẹ ló ń gbé nígbà tó ń ṣe Pólì Ìbàdàn. Ọ̀rọ̀ dé orí kọ̀ǹpútà, mo dárúkọ Gbádérọ̀. Ó ní, 'Gbádérọ̀ Adégbọlá? Ìyẹn ti kú.' Mo ní kó má fi ikú ṣeré. Ó ní sẹ́ẹ̀tì àwọn ni, àwọn lọ síbi ìsìnkú rẹ̀, oṣù kẹjọ ọdún 2021."

Mo ní orúkọ a máa jọra.

"Gbádérọ̀ Adégbọlá, ní Apẹtẹ, tó ń kọ ètò aago kọ̀ǹpútà? Mélòó lo fẹ́ kó wà?"

Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni fóònù mi gbọ̀n sí mi létí. Mo wo ojú rẹ̀. Gbádérọ̀ ni: "Mo ń ṣe é lọ́wọ́. Ẹ fi sùúrù sí i."

Mo gbé fóònù náà sílẹ̀ lórí àpáta ìfọṣọ, mo lọ jókòó ti Ikrimah ní pálọ̀. Ọwọ́ mi ṣì kún fún ọṣẹ. Ẹ̀rù bà mí, mi ò lè purọ́ nínú ìwé ara mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Ó di dandan kí n kọ eléyìí sílẹ̀, bí kò tilẹ̀ sí ẹni tó máa kà á.

Kí a tó gba òǹtẹ̀ ẹnikẹ́ni gbọ́ ní Gbẹ̀dẹ̀, ẹnì kan nínú wa gbọ́dọ̀ jẹ́rìí sí i. Ẹ ó pàdé ní ojúkojú. Wàá wo ojú rẹ̀, wàá wo káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀, ẹ ó ka nọ́ńbà òǹtẹ̀ náà sí ara yín létí, lẹ́yìn náà ni wàá jẹ́rìí. Lóṣù kẹta ọdún 2022, èmi ni wọ́n rán láti tún jẹ́rìí sí ti Gbádérọ̀. Ìpàdé wa, iwájú báǹkì kan ní Ring Road, aago méjìlá ọ̀sán. Mo dúró di aago méjì. Oòrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ sè mí. Ó wá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé ara òun kò yá, pé kí n má bínú. Ebi ń pa mí. Mo wo nọ́ńbà òǹtẹ̀ náà lójú fóònù, ó bá èyí tó wà lọ́wọ́ wa mu, mo sì jẹ́rìí. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo rí i.

Mi ò rí ẹnikẹ́ni. Ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀ ni gbogbo ilé ìwé wọ̀nyí ti ń fi ẹ̀rí ojú mi gba òǹtẹ̀ yẹn gbọ́.

Mo kọ̀wé sí i lónìí: "Gbádérọ̀, jọ̀ọ́, jẹ́ kí a fojú kan ara wa."

Jímọ̀, 7

Èsì dé: "Ẹ wá sílé lọ́la, lẹ́yìn aago kan." Àdírẹ́sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ikrimah ní òun ń bá mi lọ. Mo ní Luqman ti ń bá mi lọ. Ó ní kí n ka Áyátùl Kúrúsíyù kí n tó kúrò nílé. Ẹni tó ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyẹn.

Àbámẹ́ta, 8

Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí n má fi kún un.

Ọlọ́kadà já wa sílẹ̀ lẹ́bàá ilé aláwọ̀ ewé kan, lẹ́yìn ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń háyà yàrá. Obìnrin kan tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún ló ṣílẹ̀kùn, awò ojú wọn rọ̀ mọ́ wọn lọ́rùn. Mo kúnlẹ̀, Luqman dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ dìde, ẹ̀yin ọmọ mi," ni wọ́n wí. "Ìwọ ni Shakirah. Ìwọ ni Luqman tó máa ń fi ọ̀rọ̀ ẹ̀rín sínú àtúnṣe rẹ̀."

Luqman ya ẹnu.

Àwòrán ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà lára ògiri pálọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, wọ́n kọ ọdún méjì sísàlẹ̀ rẹ̀: 1996, 2021. Mo rí i kí n tó jókòó. Màmá náà rí i pé mo rí i.

"Gbádérọ̀ nìyẹn," ni wọ́n wí. "Èmi ni màmá rẹ̀. Tẹjúmọ́lá lorúkọ mi."

Wọ́n ní ibà ọjọ́ mẹ́ta péré ni. Òun nìkan ni wọ́n bí. Lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n ti yàrá rẹ̀ pa, wọ́n sì fi ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀ ní títàn lórí íńfátà sólà rẹ̀, torí wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń pa á, wọn ò sì fẹ́ mọ̀. Lóṣù kẹwàá, wọ́n gbọ́ pé ó dún. Wọ́n wọlé lọ wò ó.

"Mo bá ìbéèrè kan lójú rẹ̀: 'Ṣé o wà?' Wọ́n ní bí kò bá dáhùn ní ọjọ́ mẹ́rìnlá, àwọn ó yọ orúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ mi, wọ́n ti yọ orúkọ rẹ̀ ní báǹkì. Wọ́n ti yọ ọ́ nínú ìwé ìjọ. Ọjọ́ kẹtàlá, mo wọlé, mo tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ pé, 'Mo wà.' Irọ́ ni. Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Ara mi kàn fúyẹ́ lọ́jọ́ yẹn."

"Ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀ ńkọ́, mà?" Luqman ló bi wọ́n.

"Ó wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ohun tó kọ́. Àwọn ìwé náà jẹ́ mẹ́sàn-án."

Taípíìsì ni wọ́n ní Sẹkitéríàtì kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè àtúnṣe lọ́wọ́ Gbádérọ̀, wọ́n ní ohun tí wọ́n á tẹ̀ kò lè ju ohun tí wọ́n ti tẹ̀ rí lọ. Ọdún kìíní, wọ́n kàn ń da ohun tó kọ kọ ni. Ọdún kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yé wọn.

"Ti ọjọ́ ọdún Iléyá tó ṣìnà lọ́dún tó kọjá," ni Luqman wí, "ẹ̀yin lẹ tún un ṣe, mà?"

"Èmi ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló gbà mí."

Luqman tún dọ̀bálẹ̀. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo fẹ́ sunkún, inú tún bí mi sí ara mi fún ebi ọjọ́ Ring Road yẹn. Wọ́n dìde lọ bu omi fún wa. Wọ́n ń gbé abọ́ omi náà bọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí fóònù mi dún. Ti Luqman náà dún.

Àtúnṣe tuntun ni ó wọ àká. Ti aago, fún àwọn ẹ̀rọ tí bátìrì wọn ti kú. Òǹtẹ̀ Gbádérọ̀ ló wà lórí rẹ̀. Aago méjì kọjá ogún ìṣẹ́jú.

Mo gbójú sókè. Màmá wà lójúkojú mi pẹ̀lú abọ́ omi méjì.

"Mà," ni mo wí, "ta ló wà nínú yàrá?"

"Yàrá wo?"

"Ti Gbádérọ̀."

"Ta ni ì bá wà níbẹ̀? Èmi nìkan ni mò ń gbé ilé yìí." Kọ́kọ́rọ́ yàrá náà wà ní etí ìró wọn, níbi tí wọ́n so ó mọ́.

Mo fi ojú fóònù hàn wọ́n. Wọ́n gbé awò sójú, wọ́n kà á, wọ́n tún un kà. Wọ́n rọra gbé abọ́ sílẹ̀. "Èmi kò tíì parí ti aago yìí," ni wọ́n wí. "Mo kàn ṣe é dé ìdajì. Bí mo ṣe ń ṣe é kọ́ sì nìyí."

A jọ lọ ṣí yàrá náà. Kò sí ẹnikẹ́ni. Fèrèsé wà ní títì, a ti àga mọ́ ìdí tábìlì. Ojú ẹ̀rọ dúdú, fáànù inú rẹ̀ ń yí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Luqman fọwọ́ kàn án, ó béèrè ọ̀rọ̀ ìwọlé, bó ṣe yẹ kó béèrè nígbà tí ẹnikẹ́ni kò bá tíì lò ó láti àárọ̀. Màmá jókòó sórí ibùsùn, wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ ra aṣọ ibùsùn náà.

Lórí ọ̀kadà, Luqman ń pariwo sí mi létí pé ó lè jẹ́ pé olè kan ti jí òǹtẹ̀ náà gbé, tó ń lò ó láti ibòmíràn. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń gbàdúrà pé kó rí bẹ́ẹ̀.

Àìkú, 9

Mo tẹ gbogbo iṣẹ́ tó ní òǹtẹ̀ Gbádérọ̀ láti ìgbà tó ti kú jáde. Mọ́kànlélógójì. Mo gbé e lọ bá Màmá lẹ́yìn tí wọ́n dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì fi bírò sàmì sí tiwọn níkọ̀ọ̀kan. Méjìdínlógójì ni wọ́n sàmì sí.

Mẹ́ta kì í ṣe tiwọn. Ọ̀kan láti ọdún tó kọjá, ọ̀kan ti ọjọ́ tí mo fi ife tíì tẹ bébà mọ́lẹ̀, ọ̀kan ti àná. Ní aago méjì kọjá ogún ìṣẹ́jú ni gbogbo wọn wọlé.

Màmá wo iye aago náà pẹ́. "Ọ̀sán ni Gbádérọ̀ dákẹ́," ni wọ́n wí. "Aago méjì ti lù."

Mi ò béèrè ìṣẹ́jú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11

Mo lọ sí Bodija, mo jẹ́wọ́ fún Dókítà Àníọlá. Wọ́n tẹ́tí sílẹ̀ títí mo fi parí.

"O jẹ́rìí sí ẹni tí o kò rí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Torí ebi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Wọ́n nu ojú wọn tó ń ṣomi. "Nǹkan méjì ló lè jẹ́. Olè ni, tàbí kó jẹ́ èkejì, èyí tí n kò ní orúkọ fún. Èyíkéyìí kó jẹ́, a kò gbọdọ̀ gbé e wọ ilé ìwé àwọn ọmọ ọlọ́mọ. Lọ kọ ọ́ síta. Gbogbo rẹ̀. Tìrẹ ni kí o fi ṣáájú."

Mo kọ ọ́ sí gbogbo olùtọ́jú, láti orí ẹ̀ṣẹ̀ mi títí dé orí àwọn mẹ́ta náà. Mo gba ẹ̀rí mi padà. Mo ní ìgbéjáde kò lè wáyé lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún mọ́, pé ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n ló kù fún wa, ìyẹn ni pé ọjọ́ kan péré la ó fi ṣáájú ìparí Gbẹ̀dẹ̀ 6. Ẹnì kan ní Òkè-Àdó ní kí wọ́n yọ olórí òpùrọ́ kúrò. Mo sunkún, mi ò lè jẹun. A dìbò. Méjìlá ní kí n máa bá a lọ, mẹ́fà kọ̀, wọ́n sì ní Dókítà gbọ́dọ̀ fi òǹtẹ̀ tiwọn ti tèmi lẹ́yìn.

Àbámẹ́ta, 15

Òní ni ì bá jẹ́. Ọyẹ́ ti ń fẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18

Èmi àti Luqman jókòó ní ìsọ̀ rẹ̀, a ka àtúnṣe ọjọ́ kẹjọ náà lẹ́tà dé lẹ́tà. Ìlà mọ́kàndínlógún. Mo wá ẹ̀tàn nínú rẹ̀ bí ẹni ń wá egungun nínú ẹja tó fẹ́ fún ọmọdé. Kò sí. Kò sí ẹ̀rọ tó kọ̀ jálẹ̀ nínú àwọn méjèèje, gbogbo wọn jí. Iṣẹ́ tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀, mi ò tíì rí i rí nínú Gbẹ̀dẹ̀.

"Jẹ́ kí á gbà á," ni Luqman wí. "Ọjọ́ mọ́kànlá ló kù."

"Bó bá bàjẹ́ lóṣù tó ń bọ̀, ta la máa pè?"

Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ìlà náà láti òkè.

"Ìdí tí a fi ń fi òǹtẹ̀ sí iṣẹ́ nìyẹn, Luqman. Kí ẹnì kan lè wà tó máa dáhùn tí a bá pè é."

Mo yọ ọ́ kúrò nínú àká. Ó dùn mí dọ́kàn. Lẹ́yìn náà mo pe Màmá Tẹjúmọ́lá, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n parí ìdajì tiwọn, lórúkọ ara wọn.

"Lórúkọ mi?" ni wọ́n wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Orúkọ yín gan-an."

Mo gbọ́ tí wọ́n fa àga, tí wọ́n ń wá bírò.

Àbámẹ́ta, 22

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Dókítà, mo jẹ́rìí sí òǹtẹ̀ tuntun. Mo wo ojú Màmá, mo wo káàdì wọn, mo tún wo ojú wọn. Wọ́n ní kí n wò ó dáadáa lọ́tẹ̀ yìí. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, Dókítà pàápàá. A ka nọ́ńbà náà sí ara wa létí, wọ́n ń kà á bí ẹni ń ka Sáàmù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25

Àtúnṣe Màmá dé. Ìlà mẹ́rìnlélọ́gọ́ta! Ó dà bí ẹni tó gba ọ̀nà Mọ́níyà lọ sí Dugbe. Ẹ̀rọ mẹ́fà jí, ìkeje kọ̀. Luqman àti Màmá wà lórí fóònù láti aago mẹ́jọ òwúrọ̀. Nígbà tó máa di ìrọ̀lẹ́, ó di ìlà mọ́kànléláàádọ́rin, ìkeje sì jí. Mo gbà á wọlé: Tẹjúmọ́lá Adégbọlá. Mo ṣe Alhamdulillahi.

Jímọ̀, 28

Ohun kan ló kù. Òǹtẹ̀ Gbádérọ̀ ṣì wà láàyè nínú ìwé orúkọ. A kò lè gbé Gbẹ̀dẹ̀ 7 jáde pẹ̀lú òǹtẹ̀ tí ọwọ́ tí a kò mọ̀ ń lò. A gbọ́dọ̀ fagi lé e, ẹ̀rọ tó bí i nìkan la sì lè ti ṣe é, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìwọlé. Bí a bá sì ti ṣe é, ó parí, kò ṣeé dá padà.

Mo ṣàlàyé fún Màmá. Èsì wọn dé lẹ́yìn wákàtí kan: "Bó bá jẹ́ òun ni ńkọ́?"

Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Mo jókòó ti fóònù láti aago méjì títí di mẹ́ta. Kò dún. Inú mi dùn, lẹ́yìn náà ojú tì mí pé inú mi dùn.

Àbámẹ́ta, 29

Mo dé Apẹtẹ lágogo kan. Luqman wà ní Bodija pẹ̀lú Dókítà, wọ́n ń dúró dè mí láti tẹ ìgbéjáde.

Màmá ti gbá yàrá náà. Wọ́n wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Mo rò pé a ó bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, àmọ́ wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ kí á dúró kí aago yẹn kọjá." A jókòó, Màmá lórí àga, èmi lórí ibùsùn. Ní aago méjì kọjá ogún ìṣẹ́jú, iná kékeré iwájú ẹ̀rọ náà ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, mẹ́ta, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tó bá ń kọ nǹkan. Ó tún dúró. Fóònù mi kò dún. Mo wo àká: kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

"Ṣé ẹ rí i?" ni wọ́n wí.

"Mo rí i, mà."

"Bá mi tẹ̀ ẹ́, Shakirah. Ọwọ́ mi kò gbé e."

Ó wù mí kí n tẹ̀ ẹ́. Olúwa mọ̀ pé ó wù mí. Ṣùgbọ́n mo ti fọwọ́ sí ohun tí kì í ṣe tèmi lẹ́ẹ̀kan rí. Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ lò ó, mà. Ẹ̀yin lẹ máa fi í sílẹ̀."

Wọ́n fa àga súnmọ́ ọn. Ẹ̀rọ béèrè ìdí tí a fi ń fagi lé òǹtẹ̀, ó to àwọn ìdí náà kalẹ̀: wọ́n jí i, òmíràn ti rọ́pò rẹ̀, a kò lò ó mọ́. Wọ́n yan ti ìkẹyìn. Ó ní bí àlàyé bá wà, kí wọ́n kọ ọ́. Mo rò pé wọ́n á fò ó.

Wọn ò fò ó. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀: "Ọmọ mi ni. Ó ti kú láti ọdún 2021. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa. Orúkọ rẹ̀ ni." Ibẹ̀ ni wọ́n dúró sí.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi tẹ lẹ́tà ìjọba, wọ́n tẹ ti ìgbéga, wọ́n tẹ ti ìdádúró, wọ́n tẹ ìkéde ikú àwọn ọ̀gá wọn, ọ̀gá kan kò sì dá lẹ́tà padà fún wọn rí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n ṣi orúkọ ọmọ wọn tẹ̀ lónìí, tí wọ́n ń pa á rẹ́. Mi ò fọwọ́ kàn án. Ní ìgbà kẹrin, wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń pè é jáde bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní ìwé, títí ó fi pé, wọ́n sì fọwọ́ sí ìfagilé náà.